Àpótí Tó Kún, Àlejò Tó Padà Lẹ́nu Ọ̀nà

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ ọ́fíìsì wa ní Àjàṣẹ́. Kétu ni ó ti wá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí wa bí ó ti yẹ, a fún un ní omi, ó mu ún. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé: "Bàbá àgbà ní kí n wá bi yín léèrè, pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni àwọn ṣẹ̀ yín tí ẹ fi dá àwọn padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta?"

Kò sí ẹni tí ó dá Bàbá padà nínú wa. Kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó mọ̀ pé Bàbá wá. Ọmọ náà fa fóònù rẹ̀ yọ, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà hàn wá. Bàbá ka àpilẹ̀kọ kan tí a gbé jáde nípa oríkì àwọn ìdílé ní Kétu, ó sì rí i pé a ti gbé oríkì agbo ilé kan fún agbo ilé mìíràn. Ó pe ọmọ ọmọ rẹ̀ jókòó, ó sọ àtúnṣe náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọmọ náà tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, ó sì fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ímeèlì tí ó wà ní ẹ̀yìn ìwé wa. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, lẹ́tà padà. Ẹ̀rọ kọ ọ́ sórí rẹ̀ ní èdè Faransé pé àpótí ẹni tí a kọ ìwé sí ti kún, kò lè gba nǹkan kan mọ́. Wọ́n tún un rán ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó padà. Wọ́n tún un rán lẹ́ẹ̀kẹ́ta, bákan náà ni.

Fún ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, "ẹ̀rọ ni ó ṣe é" kì í ṣe èsì. Ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí a kò ṣí i fún mọ ohun tí onílé ń sọ.

A bẹ̀bẹ̀, a gba lẹ́tà náà láti inú fóònù ọmọ náà lójú ẹsẹ̀, a sì fún un ní owó ọkọ̀. Nígbà tí ó lọ tán, a jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, a ṣí àpótí tí a ti ń yẹra fún láti ọdún mélòó kan. Lẹ́tà 14,312 ni ó wà nínú rẹ̀. A kò tí ì ṣí èyí tí ó ju 11,000 lọ nínú wọn. Àwa mẹ́rin ni a ní kọ́kọ́rọ́ àpótí yìí, olúkúlùkù wa sì gbà pé ẹlòmíràn ni ó ń kà á. Ewúrẹ́ tí gbogbo agbo ilé jọ ni ni, tí olúkúlùkù rò pé ẹnì kejì ti fún ní èèpo iṣu.

Àwọn baba wa kò mọ irú ìṣòro yìí. Àrokò ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Ẹni tí ó fi owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ránṣẹ́ ń wí pé ọkàn òun ń fà sí ẹni tí ó gbà á, nítorí ẹfà ni. Ẹni tí ó fi mẹ́jọ ránṣẹ́ ń wí pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ, nítorí ẹ̀jọ ni. Ènìyàn ni ó ń gbé àrokò wá, ènìyàn náà a sì máa dúró de èsì. Kò sí onílé tí yóò jẹ́ kí oníṣẹ́ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta láìbi í pé kí ni ó gbé wá. Nígbà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ àwọn Faransé dé, àpótí onírin kékeré ni ó bá a dé, èyí tí à ń pè ní B.P. títí di òní, tòun ti nọ́ńbà rẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó kọ lẹ́tà ni ó ń sanwó rẹ̀, nítorí náà ẹnikẹ́ni kì í ṣàdédé kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ̀rún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Owó yẹn ni ó dáàbò bò wá, a kò sì mọ̀.

Ní ọdún 1971, Ray Tomlinson, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn lórí ìsokọ́ra tí wọ́n ń pè ní ARPANET. Òun náà ni ó mú àmì @ tí gbogbo wa ń tẹ̀ lónìí. Ọdún méje péré lẹ́yìn náà, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1978, Gary Thuerk, tí ó ń bá ilé-iṣẹ́ Digital Equipment Corporation polówó kọ̀ǹpútà, fi ìpolówó kan náà ránṣẹ́ sí nǹkan bí 400 ènìyàn lẹ́ẹ̀kan. Inú bí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n oníkiri ọjà ti mọ ọ̀nà ilé, kò sì ní gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Síbẹ̀, fún ọdún púpọ̀, àpótí kékeré ni a ní, ó sì di dandan fún wa láti máa gbá a. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2004, Google ṣí Gmail, ó sì fún olúkúlùkù ní gígábáìtì kan, ní àkókò tí Hotmail ń fún ni ní mẹ́gábáìtì méjì péré. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé irọ́ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ni. Ohun tí wọ́n fi ń pe ènìyàn wọlé nígbà náà ni pé kò ní sí ìdí láti pa lẹ́tà rẹ́ mọ́ láéláé. A gbà wọ́n gbọ́. Ní tiwa, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́: wọ́n fún wa ní yàrá ńlá, a sì rò pé ẹni tí ó ní yàrá ńlá kò nílò ìgbálẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ náà kọ́ wa ni pé kíkún méjì ni ó wà, èkíní kò sì jọ èkejì. Kíkún kan wà tí ó jẹ́ ti ìwúwo. Òun ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ Bàbá. Gígábáìtì 15 ni Google ń fún ni lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí, ṣùgbọ́n lẹ́tà nìkan kọ́ ni ó ń jẹ ẹ́. Ìwé tí a tọ́jú sínú Drive ń jẹ nínú rẹ̀. Fọ́tò tí a ń kó sínú Google Photos ń jẹ nínú rẹ̀ láti oṣù Kẹfà ọdún 2021. Láti ọdún 2024 sì ni ìpamọ́ ọ̀rọ̀ WhatsApp ti orí fóònù Android ti wá bá wọn jókòó tì í. Ìkòkò kan ni, ẹnu mẹ́rin. Ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ kò tó igba lè bá àpótí rẹ̀ ní kíkún nítorí fídíò ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Bí ìkòkò náà bá sì ti kún, lẹ́tà kì í wọlé mọ́, kì í sì í jáde.

Kíkún kejì jẹ́ ti iye. Ìyẹn kì í ti ilẹ̀kùn. Ojú onílé ni ó ń fọ́. Lẹ́tà ìpolówó ẹgbẹ̀rún kan lè wà nínú àpótí kí ó má wúwo tó ohùn àgbàlagbà mẹ́wàá tí a fi fóònù gbà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí bí ojú yóò ṣe rí lẹ́tà ènìyàn láàárín wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mú ìwúwo kúrò, tí ó sì ń pa ìpolówó rẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹ́ adìyẹ ni ó ń ṣà kúrò nínú ọkọ̀ tí ó kó sìmẹ́ǹtì.

Èyí ni a kò tètè mọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó wa sí yọ́ọ́yọ́.

Gbogbo ẹni tí a bi ní ìmọ̀ràn sọ ohun kan náà: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó wúwo. Ẹ tẹ larger:10M sínú àyè ìwádìí Gmail, gbogbo lẹ́tà tí ó ju mẹ́gábáìtì 10 lọ yóò sì tò kalẹ̀ fún yín. Ìmọ̀ràn gidi ni, a kò sì bá ẹni tí ó fún wa jà. A kọ́kọ́ kó àwọn fídíò ìpàdé wa kúrò nínú Drive sórí díìsìkì, a pa wọ́n rẹ́ pátápátá níbẹ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹni tí ó kéré jù lọ nínú wa pe àwọn lẹ́tà tó wúwo jáde. Wọ́n jẹ́ 431. Ó sàmì sí gbogbo wọn, ó dà wọ́n sínú "Corbeille", agbọ̀n ìdọ̀tí ẹ̀rọ. Ohun tí ó wà nínú agbọ̀n yẹn ṣì ń jẹ àyè, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni yóò dà á nù. A ní kí ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ọjọ́ máa ṣe iṣẹ́ wa fún wa. A pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó wá ku iye. Níbi yìí, a fi ìwà kíka lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, a sì ń bèèrè pé ta ni ó rán an. Ilé ìtajà kan wà tí a ra tàdáwà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ó ti kọ lẹ́tà 1,140 sí wa. Ìyá tí ó bí wa kò bá wa sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín àkókò náà. Facebook ti kọ̀wé láti sọ fún wa pé ẹnì kan tí a kò mọ̀ ń ṣe ọjọ́ ìbí. A tẹ orúkọ olùránṣẹ́ sínú àyè ìwádìí, gbogbo tirẹ̀ jáde, a mú wọn, ó di ẹ̀ẹ̀kan. Kí a tó jù wọ́n, a wá ọ̀rọ̀ náà "Se désabonner" rí, a tẹ̀ ẹ́, kí oníkiri má baà tún padà wá lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ti bá dòwò pọ̀ rí nìkan ni kí ẹ ṣe èyí fún. Ní ti ọlọ́rọ̀ tí ó kú sí òkè òkun tí ó sì fi ogún rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí kò mọ̀ rí, ẹ má tẹ nǹkan kan nínú lẹ́tà rẹ̀. Ẹ jù ú sí "Spam". Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́nrẹ́n, ẹ ti jẹ́ kí ó mọ̀ pé ènìyàn ń bẹ nínú ilé.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ: "Archiver". Ó ń gbé lẹ́tà kúrò níwájú ẹni, kò gbé ìwúwo rẹ̀ kúrò. Ó dára fún ojú, kò wúlò fún ìkòkò.

Wákàtí kan ní òròòwúrọ̀ ni a fi sí iṣẹ́ yìí, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí ìyàngbò fò lọ tán, lẹ́tà 386 ni ó ṣẹ́kù tí ènìyàn ẹlẹ́ran-ara fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí wa, tí a kò sì dáhùn. Ọ̀kan nínú wa dábàá pé kí a pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Ó ní ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ṣe pàtàkì yóò tún kọ. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, a mọ̀, ọkàn wọn sì ń balẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Kétu wà lọ́kàn wa. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni òun kọ̀wé, ó sì tún rán ọmọ. Mélòó ni ó tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní ìtìjú, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń kọ̀wé. Bí a kò bá dáhùn, wọ́n a pa ẹnu mọ́, wọ́n a sì máa bá ọ̀nà wọn lọ.

Nítorí náà, a kà wọ́n. Olùkọ́ kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ ti bèèrè ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn bóyá òun lè fi àlọ́ tí a tẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì òun. Àwọn ọmọ náà ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ yẹn báyìí. Ẹnì kan láti Atakpamé kọ̀wé ní pẹ̀lẹ́tù pé a ń pe ara wa ní ìwé ìròyìn àwọn ọmọ Yorùbá Benin àti Togo, ṣùgbọ́n òun ka ìtẹ̀jáde márùn-ún láìrí gbólóhùn kan nípa àwọn Ifẹ̀ ti Togo. Òtítọ́ ni. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó ń kàwé ní ilẹ̀ Faransé fẹ́ kí a sọ ìtumọ̀ orúkọ tí ìyá bàbá rẹ̀ fún un. Àwọn mìíràn kàn kí wa ni. Ẹnì kan bá wa kẹ́dùn ikú ẹni wa kan. A ti rò nígbà náà pé kò bìkítà, a sì ti dín ẹ̀rín kù fún un láti ìgbà yẹn.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń dáhùn lẹ́tà ọlọ́dún mẹ́ta? Ìwé Faransé tí a kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ní gbólóhùn gígùn fún irú rẹ̀, a sì gbìyànjú rẹ̀ nínú lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta. Ó dà bí lẹ́tà ilé báńkì. Lẹ́yìn náà ni a rántí pé èdè wa ti ní ìkíni tí ó bá a mu. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Bí ó jẹ́ oṣù mẹ́ta ni o, bí ó jẹ́ ọdún mẹ́ta ni o, ọjọ́ mẹ́ta ni à ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn, a sì jẹ́wọ́ ẹ̀bi wa ní gbólóhùn kan, a kò ṣe àròyé. Ó ju ìdajì lọ tí ó fèsì. Olùkọ́ náà ní kíláàsì mìíràn, ó sì tún fẹ́ àwọn àlọ́ náà.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n tí a ti da àwọn lẹ́tà wúwo nù ni a ṣí lẹ́tà obìnrin kan láti agbègbè Kétu. Ọdún méjì ni ó ti wà níbẹ̀, kò ju ìlà mẹ́fà lọ. Ìyá rẹ̀ ti kú. Ó gbọ́ pé ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ wa wá sí ilé wọn nígbà ayé ìyá náà, tí ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti ń pàlọ́ tí ó sì ń ki oríkì ìdílé. Àwọn ọmọ ní fọ́tò Màmá, wọn kò ní ohùn rẹ̀. Bí ohùn náà bá ṣì wà, kí a jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ ṣáájú ìnáwó ìsìnkú. Ó sì kọ ọjọ́ ìnáwó náà síbẹ̀.

Ẹni tí ó gba ohùn náà sílẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Ó rántí Màmá, ó rántí àga tí ó jókòó lé. Fóònù tí ó fi gbà á ti bàjẹ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n ó dá a lójú pé òun fi ránṣẹ́ sí àpótí ọ́fíìsì kí ó má baà sọnù. A tẹ orúkọ Màmá sínú àyè ìwádìí, kò sí nǹkan kan. A tẹ orúkọ ìlú, kò sí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹni tí ó kéré jù nínú wa tó dìde dúró. Kò sọ̀rọ̀. Ó lọ ṣí "Corbeille".

Ìwádìí lásán kì í dé inú agbọ̀n ìdọ̀tí; àfi kí ènìyàn fúnra rẹ̀ ṣí i. Lẹ́tà náà wà níbẹ̀, mẹ́gábáìtì 14, "sans objet", láìní orúkọ Màmá, láìní orúkọ ìlú, bí ọmọ tí a kò sọ lórúkọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó kù fún un. A wá jókòó, a ṣí gbogbo 431 náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta nínú wọn jẹ́ ohùn àwọn àgbà. Láti ọdún tí a ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ohun tí ó níye lórí jù lọ tí a kó jọ ni ó wúwo jù lọ nínú àpótí, òun ni a sì kọ́kọ́ dà nù, nígbà tí ìpolówó tàdáwà, tí ó fúyẹ́, jókòó jẹ́ẹ́ ní ipò rẹ̀. A kó àwọn ohùn náà sórí díìsìkì méjì, tí ọ̀kan kò sí ní ọ́fíìsì, a sì kọ orúkọ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ tí a gbà á sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ń fi ohùn ìyá rẹ̀ pamọ́ sínú ímeèlì, kí ó máa kọ orúkọ ìyá náà sórí lẹ́tà.

A fi ohùn Màmá ránṣẹ́ sí obìnrin náà ní ọjọ́ yẹn gan-an. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, lẹ́tà wa padà. Àpótí rẹ̀ ti kún.

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ọ̀fun. Ní ọjọ́ Sátidé, a fi ohùn náà sínú clé USB, a wọ ọkọ̀ gba Sakété àti Pobè lọ sí Kétu. Ọ̀dọ̀ Bàbá ni a kọ́kọ́ yà sí. A dọ̀bálẹ̀. Bàbá jẹ́ kí a pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀ kí ó tó ní kí a dìde, a sì mọ̀ pé ó yẹ wá. Ó mú ìwé ìròyìn wa jáde, ó ti fi bíìrò fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe méjì mìíràn. Àtúnṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní ojú ìwé tí ó kàn.

Ní ilé Màmá, wọ́n ti ṣe ìnáwó ìsìnkú tán láti ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n sì ti gbàgbé pé àwọn kọ̀wé. Àwọn ọmọ márùn-ún àti àwọn ọmọ ọmọ jókòó yí kọ̀ǹpútà ká. Ohùn náà kò ju ìṣẹ́jú méjìlá lọ. Ní àárín oríkì, Màmá wúkọ́, ó dúró, ó sì pariwo sí ẹnì kan pé kí ó lé ewúrẹ́ yẹn kúrò lórí àgbàdo òun. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, èyí àgbà nínú wọn sì nu ojú rẹ̀. Wọ́n ní kí a dá a padà, kí a tún un ṣe láti ibi ewúrẹ́.